Ìtàn Halloween àti Ìbéèrè Ìyá Mùsùlùmí Kan



Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, ìyá kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láti ìlú Houston ní Amẹ́ríkà. Mo ń kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, ní kéú lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ohùn náà gùn díẹ̀, ó sì kí mi títí kí ó tó dé ibi ọ̀rọ̀. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà ti kọ̀wé sílé pé Halloween ń bọ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ ohun tó bá wù ú láti dà. Ọmọ tirẹ̀ fẹ́ di oyin. Ó ti rí aṣọ náà ní ṣọ́ọ̀bù, dúdú àti pupa rẹ́súrẹ́sú bí ara oyin gan-an, ó ní ìyẹ́ lẹ́yìn.

Ìyá náà ní, "Ùsítáàsì, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún un pé àwa kì í ṣe é, ó bi mí pé, 'Kí wá ni àwa ń ṣe?' Mi ò rí èsì fún un. Oyin ṣáà ni ó fẹ́ dà, kì í ṣe èṣù."

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ó rọrùn láti sọ pé hàráàmù ni, kí n sì máa bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ ohun tí alẹ́ yìí jẹ́, ibi tó ti wá, àti bí ó ṣe rìn títí tó fi di ohun tí ọmọ Yorùbá ń sunkún lé lórí ní Texas. Ohun tí mo rí nínú ìtàn ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ireland àti Scotland ni ó ti ṣẹ̀, láàárín àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń sọ èdè Gaelic. Àgbẹ̀ àti darandaran ni wọ́n. Ní ìparí ìkórè, nígbà tí òtútù bá ń wọlé bọ̀, wọn a kó ẹran wọn wálé láti orí òkè, wọn a pa èyí tí oúnjẹ kò ní í tó fún, wọn a sì dá iná ńlá. Samhain ni wọ́n ń pe àjọ̀dún yìí. Bí a bá fẹ́ pè é bí wọ́n ṣe ń pè é, ó súnmọ́ "Sáwìn". Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni ọjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé lọ́dọ̀ wọn, bí oòrùn bá ti wọ̀, ọjọ́ tuntun ti dé. Àwa tí a mọ̀ pé alẹ́ Àlàmísì ni òru Jímọ̀, èyí kò lè ṣàjèjì sí wa.

Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ní alẹ́ náà, ilẹ̀kùn tó wà láàárín ayé àti ibùgbé àwọn ẹ̀mí máa ń ṣí sílẹ̀. Àwọn ẹ̀dá tí a kò rí máa ń súnmọ́ tòsí, àwọn òkú ilé sì lè padà wá wo ibi tí wọ́n ti lọ. Àwọn kan máa ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra níbí. Àwọn ará Ireland ayé ìgbà náà kò kọ ìwé nípa ẹ̀sìn àwọn baba wọn. Àwọn mọ́ǹkì Kristẹni ni wọ́n kọ ìtàn náà sílẹ̀ lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè náà ti gba ẹ̀sìn Kristẹni. Nítorí náà, bí ẹ bá rí fídíò tí ẹnì kan ti ń ka gbogbo ẹbọ tí wọ́n rú ní alẹ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé òun ni ó di ẹran mú fún wọn, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ibi tí ìwé ti wà dáadáa ni ti ìjọ Kristẹni. Ní 609, Póòpù Boniface kẹrin sọ ilé òrìṣà ńlá kan ní Róòmù, èyí tí wọ́n ń pè ní Pantheon, di ilé ìjọsìn fún Màríà àti àwọn tí wọ́n kú nítorí ẹ̀sìn. Ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ni ó ṣe é. Nígbà tó di 835, ní ayé Póòpù Gregory kẹrin, ọba Louis ti ilẹ̀ àwọn Frank pàṣẹ pé ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni kí gbogbo ilẹ̀ òun máa fi ṣe ọdún gbogbo ẹni mímọ́. Ṣé nítorí Samhain ni wọ́n ṣe mú ọjọ́ yẹn? Àwọn òpìtàn kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Èyí tó dájú ni orúkọ. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "hallow" ni ẹni mímọ́, "een" tó gbẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọdún àwọn ẹni mímọ́ ni Halloween. Orúkọ rẹ̀, láti inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti wá.

Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi ọjọ́ kejì oṣù náà kún un fún gbogbo òkú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tálákà àti àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Àwọn onílé á fún wọn ní àkàrà òyìnbó kékeré kan, àwọn náà á sì ṣe àdúà fún òkú ilé náà. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń gbé ike kiri níbi sàráà ẹni ọjọ́ kẹjọ ní ilẹ̀ wa yóò mọ irú nǹkan tí mò ń sọ. Láti ibẹ̀ ni lílọ láti ojúlé dé ojúlé ti wá. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí padà kúrò lẹ́yìn Póòpù, àṣà náà rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú ní Ireland àti Scotland. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ máa ń yí aṣọ wọ̀, wọn a kun ojú tàbí kí wọ́n fi nǹkan bò ó, wọn a kọrin tàbí pa àwàdà lẹ́nu ọ̀nà, wọn a sì gba èso lọ. Wọ́n tún máa ń gbẹ́ inú tọ́nípù, ohun ọ̀gbìn kan tó ń ta lábẹ́ ilẹ̀, wọn a gbẹ́ ojú àti eyín sí i lára, wọn a fi iná sínú rẹ̀.

Báwo ni ó ṣe dé Amẹ́ríkà? Ebi ni ó gbé e débẹ̀. Ní 1845, àrùn kan kọ lu pòtétò ní Ireland, bẹ́ẹ̀ pòtétò ni tálákà ibẹ̀ ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí ó tó di 1852, bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn ti kú, iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò nílùú. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ ohun kan nínú ìtàn ìyàn yìí. Ní 1847, ọba Mùsùlùmí tó wà lórí oyè ní Ìsítáńbùlù, Sultan Abdulmejid, fi £1,000 ránṣẹ́ sí àwọn ará Ireland tí ebi ń pa. Àwọn èèkàn ilẹ̀ Ireland kọ ìwé ìdúpẹ́ sí i. Àwọn tí ó ràn lọ́wọ́ yìí kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀, ó sì dájú pé wọ́n ń ṣe Halloween lọ́dọọdún. Mo sọ èyí nítorí àwọn kan lára wa tí wọ́n rò pé ẹni tí a kò bá bá ṣọdún, a kò gbọ́dọ̀ bá a ṣe dáadáa.

Àwọn tó là á já gbé àṣà wọn lọ sí New York, Boston àti Chicago. Ní Amẹ́ríkà, elégédé pọ̀, ó tóbi, ó sì rọrùn láti gbẹ́ ju tọ́nípù lọ, ni elégédé bá gba ipò rẹ̀. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí 1930, alẹ́ náà ti di wàhálà. Àwọn ọmọkùnrin á yọ géètì onígéètì, wọn a fọ́ fèrèsé, wọn a dáná sí ẹ̀gbẹ́ títì. Àwọn àgbà ìlú wá ronú pé ó sàn kí àwọn fún wọn ní nǹkan dídùn jù kí wọ́n bá ilé jẹ́. Ohun tí ọmọdé ń sọ lẹ́nu ọ̀nà títí dòní, ìhalẹ̀ ni: ẹ fún wa ní nǹkan, àbí ká ṣe yín ní ibi. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ń wọn ṣúgà fún àwọn ènìyàn. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1947, àwọn ilé-iṣẹ́ súìtì rí ọjà wọn. Ní 1950, ní Philadelphia, àwọn ọmọdé kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi alẹ́ náà gba owó kóbọ̀-kóbọ̀ fún UNICEF láti ran àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn lọ́wọ́. Ní 2023, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ní Amẹ́ríkà fojú bù ú pé owó tí wọn yóò ná sórí alẹ́ kan yìí yóò ju bílíọ̀nù 12 dọ́là lọ.

Nígbà tí mo kà á débí, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n máa ń sọ lórí mínbárì pé ìjọsìn èṣù ni Halloween. Aládùúgbò ìyá yìí tó ń pín súìtì kò sin èṣù kankan. Kò tilẹ̀ mọ Samhain. Bí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́fà, ní ọjọ́ kejì yóò wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, kò ní rí ìwo lórí rẹ̀, ìgbà náà ni kò ní gba ìyá rẹ̀ gbọ́ mọ́, kódà lórí nǹkan mìíràn. Àwọn kan lókè òkun náà sì máa ń sọ pé eré lásán ni. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń gbé síwájú ilé ní ọ̀sẹ̀ yẹn: egungun òkú, sàréè ayédèrú, àjẹ́ lórí ìgbálẹ̀, òkú tó ń jí dìde. Ẹgbẹ̀rún ọdún ti kọjá, alẹ́ náà kò tíì gbàgbé ohun tó wà fún. Àwa sì gbà pé ẹni tó kú ti wọ barzakh, kò sí alẹ́ kan nínú ọdún tí ó ń padà wá jẹun lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àkídà nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ súìtì.

Ó sì yẹ kí ó tètè yé ọmọ Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Àwa náà ní ará ọ̀run tiwa.

Mo jẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́jọ ní Ìbàdàn nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sá kúrò ní ilé-kéú tẹ̀ lé egúngún. Wàláà mi wà lábẹ́ apá mi. Láti Bẹẹrẹ ni a ti gbọ́ ìlù, a kò sì padà títí a fi dé Ọjà'ba. N kò tíì rí aṣọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára ẹnì kan rí, oríṣiríṣi àwọ̀, ó ń yí, aṣọ náà ń fẹ́ bí abẹ́bẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí a padà dé, ààfáà wa nà wá ní ẹgba méjìlá méjìlá. Kò sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. N kò sọ pé ó ṣìnà tó fi kọ̀ fún wa. Èmi náà ń kọ̀ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Iléyá dé lọ́dún yẹn, a lọ sí Yídì, a kírun, a padà wálé, wọ́n ní kí àwọn ọmọdé jókòó sí ẹ̀yìnkùlé títí àwọn àgbà yóò fi jẹun tán. Mo jókòó sórí àpótí pẹ̀lú aṣọ tuntun mi, egúngún ni mò ń rò. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ìbéèrè ọmọ inú Houston yẹn ni ó mú mi rántí àpótí náà. Kí wá ni àwa ń ṣe?

Hádíìsì tí a sábà máa ń fi dáhùn wà lọ́dọ̀ Abū Dāwūd àti an-Nasā'ī, láti ẹnu Anas ọmọ Mālik. Nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun dé Madīnah, ó bá àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n ní ọjọ́ méjì tí wọ́n fi ń ṣeré. Ó bi wọ́n pé ọjọ́ wo nìyẹn. Wọ́n ní láti ayé àìmọ̀kan ni àwọn ti ń fi wọ́n ṣeré. Ó sọ fún wọn pé Ọlọ́hun ti fi ọjọ́ méjì tó dára jù wọ́n lọ rọ́pò wọn, ìyẹn Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ìdajì àkọ́kọ́: wọ́n kúrò nínú ti àtẹ̀yìnwá. Lórí ìdajì yìí ni àwọn onímímọ̀ dúró, pẹ̀lú hádíìsì Ibn ‘Umar nípa fífara wé ìjọ mìíràn, tí wọ́n fi ní kí Mùsùlùmí má bá wọn ṣọdún wọn. Èmi náà ibẹ̀ ni mo dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó wà níbẹ̀: abdala, ó fi òmíràn rọ́pò. Ọjọ́ eré ni wọ́n fi sílẹ̀, ọjọ́ tí eré wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sì gbà. Ẹ sì wò ó pé ó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ìtàn ọjọ́ ọdún ní Madīnah kò sì dà bí ẹ̀yìnkùlé wa. Al-Bukhārī àti Muslim gba á wá pé ní ọjọ́ ọdún kan, àwọn ará Habasha ń fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́ṣáláṣí Ànábì gan-an. Ànábì fi aṣọ rẹ̀ bo Ā'ishah, ó dúró síwájú rẹ̀ kí ó lè máa wòran, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi sú Ā'ishah fúnra rẹ̀. Ā'ishah ni ó sọ ìtàn náà, ó sì sọ fún àwọn tó ń gbọ́ ọ pé kí wọ́n mọ bí ọmọdébìnrin ṣe fẹ́ràn eré tó. Ọ̀dọ̀ Abū Dāwūd ni a tún ti rí i pé Ànábì rí ọmọláńgidi rẹ̀, ẹṣin kan wà láàárín wọn tí wọ́n fi aṣọ ṣe ìyẹ́ méjì sí. Ó bi í pé ṣé ẹṣin máa ń ní ìyẹ́ ni. Ā'ishah ní ṣé kò tíì gbọ́ pé ẹṣin Ànábì Sulaymān ní ìyẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí eyín inú rẹ̀ fi hàn. Ọmọ tó fẹ́ di oyin kò tíì ṣẹ̀, ẹ̀yin ará mi. Kì í ṣe ìyẹ́ ni ìṣòro, alẹ́ tí wọ́n ní kí ó wọ̀ ọ́ ni.

Ẹnì kan tó le lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Ibn Taymiyyah, tó kú ní Damascus ní 1328. Ní ìgbà ayé rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ń bá àwọn Kristẹni ṣọdún, wọ́n ń kun ẹyin, wọ́n ń se oúnjẹ pàtàkì fún àwọn ọmọ. Ó kọ odidi ìwé lé e, Iqtidā' as-Sirāt al-Mustaqīm. Òun kan náà ni ó ní kí olórí ilé la ọwọ́ fún ará ilé rẹ̀ nínú ọdún Ọlọ́hun, kí ó ṣe é débi tí ojú wọn kò fi ní máa wo ti ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti gbọ́ tí wọ́n fi Ibn Taymiyyah kọ nǹkan fún àwọn ọmọ. N kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan fi í béèrè owó ọdún lọ́wọ́ baba ọmọ.

Kò sì sí ìdí tí a ó fi rò pé ojúlé dé ojúlé tàbí ẹ̀rín ọmọdé lálẹ́ jẹ́ ti Ireland nìkan. Ní Kuwait, Bahrain àti Qatar, àwọn ọmọdé máa ń jáde ní alẹ́ àárín oṣù Ramadān, wọn a wọ aṣọ ìbílẹ̀, wọn a gbé àpò kọ́rùn, wọn a kọrin láti ilé dé ilé kí wọ́n lè gba ẹ̀pà àti súìtì. Àwọn onímímọ̀ kan kò fara mọ́ kí a ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ fún un, ẹ kò sì ní láti mú un wálé. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ni kò mọ ajísààrì? Àwọn ọmọ wa máa ń gbá ike àti agolo kiri àdúgbò láti jí ènìyàn ní òru ààwẹ̀. Nínú wéré yẹn ni Sikiru Ayinde Barrister ti bẹ̀rẹ̀ lọ́mọdé. Ohun tí fújì wá dà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Ohun tí mo sọ fún ìyá náà kò pọ̀. Mo ní kí ó bá olùkọ́ ọmọ sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó má jẹ́ pé ọmọ ni yóò dúró ṣàlàyé ẹ̀sìn fún kíláàsì. Mo ní kí ó pa iná ẹnu ọ̀nà ní alẹ́ náà. Àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ pé ilé tí iná rẹ̀ kò tàn kì í pín súìtì, kò sì sí ẹni tó ń bínú. Mo ní kí ó ra aṣọ oyin náà, kí ó gbé e pa mọ́. Àti pé kí ó má purọ́ fún ọmọ pé inú òun dùn bí ó bá ń sunkún.

Ọmọ náà sunkún ní alẹ́ náà. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé òun jókòó tì í nínú òkùnkùn, wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ tó ń kọjá lójú títì, òun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. N kò ní oògùn ìyẹn.

Nígbà tí Ìtúnu Ààwẹ̀ dé, ìdílé Yorùbá mẹ́fà ní àdúgbò wọn fẹnu kò. Lẹ́yìn ìrun Yídì, àwọn ọmọ lọ láti ilé kan dé èkejì, wọ́n ń kí "Ẹ kú ọdún," wọ́n ń gba dàbínù, súìtì àti dọ́là kọ̀ọ̀kan. Oyin wà láàárín wọn, ó fi híjáàbù sábẹ́ ìwo oyin rẹ̀. Kìnnìún kan wà níbẹ̀, àti dókítà méjì. Bàbá àgbàlagbà kan ní ilé kẹta bínú díẹ̀ pé kí ni èyí. Nígbà tí ọmọ oyin kí i lórí ìkúnlẹ̀, ó fún un ní dọ́là márùn-ún.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó bi mí lórí kọ̀ǹpútà bóyá oyin wà nínú Kùránì. Mo ní kí ó ka súrà títí dé ìkẹrìndínlógún, kí ó ka orúkọ rẹ̀ fún mi. An-Nahl. Ó pariwo pe ìyá rẹ̀.

Lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ ti tún dé ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ó ti di ọmọ ọdún méje. Ìyá rẹ̀ ní ó ti kà á fúnra rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, kò tíì sọ nǹkan kan.